Òórùn tí Ọṣẹ Fọ̀ Lọ

Ìdájí ni mo kúrò nílé l'Abẹ́òkúta, kí Màámi tó jí. Láti ìgbà tí Bàámi ti kú ni Màámi ti ń fi dàńṣíkí rẹ̀ kan sábẹ́ ìrọ̀rí, nítorí òórùn tó wà lára rẹ̀. Àbúrò mi, Sìkírátù, rò pé òun ń ṣe é lóore: ó fi ọṣẹ fọ dàńṣíkí náà, ó rẹ ẹ́ sínú búlúù, ó sá a sóòrùn. Màámi kò bá a wí. Oúnjẹ ló kọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi forí lé Èkó, kí n lọ wá lọ́fínńdà Bàámi.

Ọkọ̀ ojú irin gbé mi dé Yábà. Ní Sábó mo ra búrẹ́dì àti àkàrà ní tọ́rọ́. Búrẹ́dì Èkó rọ̀ ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n àkàrà wọn kò tó tiwa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Nígbà tí mo béèrè lọ́fínńdà, obìnrin onísọ́ọ̀bù kan bi mí pé, “Tọkùnrin lẹ fẹ́ ni, àbí tobìnrin?”

Mo ní n kò mọ̀, teèyàn ṣáà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ bá Ìyá Mùnírátù ní Mushin.

Bọ́ọ̀sì gba Ojú Ẹlẹ́gbà kọjá. Ọ̀dà dán lójú títì, àfìgbà tá a sún mọ́ Mushin tí eruku pupa bíi tiwa bẹ̀rẹ̀. Mo bá ìyá arúgbó náà láàárín àwọn ìgò òróró olóòórùn dídùn rẹ̀. Mo ní, “Ẹ kú ọjà, mà. Òórùn tí mò ń wá dà bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ó móoru, ó dùn díẹ̀, kì í pariwo.”

Ó fi òróró kan pa mí lọ́rùn ọwọ́. Ó ta mí nímú.

“Ìyá, èyí kọ́. Káfíńtà ni mí, mo mọ òórùn fáníìṣì.”

“Má kánjú. N kì í tà á fún ẹni tí kò tíì fi rìn. Lọ rìn nínú oòrùn, kó o padà wá.”

Inú bí mi. Ta ló ń rán àgbàlagbà nírú iṣẹ́ yìí? Mo lọ ṣá. Nígbà tí òógùn bò mí, mo gbé ọwọ́ láti nù ún, àfi bíi pé Bàámi dúró tì mí. Omijé bọ́ lójú mi lójú títì, ojú sì ń tì mí.

Ìyá Mùnírátù ní, “Sàńdálì ni. Bẹ́ẹ̀ làwọn Lárúbáwá ń pe igi náà. Ara èèyàn ló ń sè é.” Mo san sílè márùn-ún, mo sì fi orin sẹ́nu padà sí Yábà.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo délé. Mo fi òróró náà pa dàńṣíkí, mo gbé e fún Màámi. Ó gbé e símú, ó rọra gbé e sílẹ̀.

“O ṣeun, ọmọ mi. Kì í ṣe òun.”

Lẹ́yìn náà ni mo rántí ọ̀rọ̀ ìyá Mushin. Mo fi òróró pa Màámi lọ́rùn, mo ní kó wá jókòó ti ààrò. A dúró. Sìkírátù kò lè wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí ọrùn rẹ̀ móoru, òórùn Bàámi jáde, Màámi sì rẹ́rìn-ín. “Ìgò kan náà lèmi àti bàbá yín jọ ń lò títí ó fi tán. Mo ṣe bí òun nìkan ló ni òórùn yìí.”

Mo ti rìn dé Mushin lọ wá ohun tó jẹ́ pé ọrùn Màámi ni wọ́n á ti bá a. Ó gbé dàńṣíkí náà wọ̀ sórí ìró rẹ̀, ó ní kí Sìkírátù bu oúnjẹ wá. Dàńṣíkí náà gùn dé orúnkún rẹ̀. Kò bọ́ ọ títí a fi sùn.