Ìbọ̀sẹ̀ Oníbátìrì Tí Mo Gbé Lọ sí Arimogija

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ fa àga yín súnmọ́ bí. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kí ó gbé e sílẹ̀ díẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń tutù kí ó ká a sábẹ́ aṣọ. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, àti ọ̀rọ̀ ìrìn ọjọ́ kan tí kò yẹ kó gbà ju òwúrọ̀ lọ, àmọ́ tó gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ mi, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba sùúrù mi pẹ̀lú.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Fúnmi, Arimogija ló ń gbé. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ dá oko kòkó sí, ibẹ̀ ló kú sí, ẹ̀gbọ́n mi sì ti búra pé kò sí ẹni tó máa gbé òun kúrò níbẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ a tutù bí ẹja inú yìnyín, kò sì ní rí oorun sùn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kó ẹyín iná sínú ìkòkò, ó ń gbé e sí ìdí ibùsùn, ó ń na ẹsẹ̀ sí i. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìró rẹ̀ gbaná lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá Ṣèyí, aládùúgbò rẹ̀, ló gbé omi wá pa á nígbà kejì. A bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Ẹ fún mi ní ohun mìíràn tó gbóná, n ó gbé iná sílẹ̀. Bí ẹ ò bá ní, ẹ yé dá mi lágara."

Ni Fúnmi, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà, bá fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi ní Iyere. Ìbọ̀sẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí ọmọ ilé ìwé ń wọ̀. Ó nípọn, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba abẹ́ ọmọ ìka rẹ̀ kọjá, àpò kékeré wà lókè níbi tí bátìrì ń wọ̀, bátìrì náà kò sì ju páálí ìṣáná lọ. Bí o bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀ pẹ́, iná pupa ni: ó gbóná gan-an, kì í sì í lò ju wákàtí mẹ́ta lọ. Tún un tẹ̀, ó di funfun. Tún un tẹ̀, ó di àwọ̀ ewé: ìyẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì lè dé òwúrọ̀. Nọ́ọ̀sì kan tí mo bi léèrè ní Ọ̀wọ̀ ní kí a má kọjá àwọ̀ ewé fún Màmá, kí a sì máa yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, torí ara àgbà ti fẹ́lẹ́. Fúnmi fúnra rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìyá mi tún sùn ti iná lọ́la."

Mo ṣájì bátìrì méjèèjì mọ́jú. Iná wà lóru ọjọ́ náà. Ó ya èmi náà lẹ́nu. Agogo márùn-ún ìdájí, mo ti wẹ̀, mo ti wọṣọ, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àpò mi lórí itan. Alábí, awakọ̀ tí mo háyà, ọkọ nọ́ọ̀sì yẹn, ló ṣèlérí pé òun yóò dé ní agogo márùn-ún ààbọ̀. Ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gbọ̀n náírà la jọ sọ, lílọ àti bíbọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kì í dákẹ́. Agogo méje kọjá kó tó yọjú.

"Alábí, agogo mélòó la dá?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Táyà ló jò."

"Ṣé táyà tó jò lọ́jọ́sí náà nìyẹn?"

"Rárá o. Tiwájú nìyẹn. Tẹ̀yìn ló kàn lónìí."

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Òtútù ìdájí yẹn kì í ṣe kékeré. Bí mo ṣe ń dúró de Alábí, mo ní kí n dán ìbọ̀sẹ̀ náà wò, kí ó má baà jẹ́ nǹkan tó ti bàjẹ́ ni mo fẹ́ gbé rìn. Mo tẹ̀ ẹ́ sí pupa. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó dùn. Àfi bí ìgbà tí ènìyàn ki ẹsẹ̀ bọ inú ẹ̀kọ lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìró mọ́tò Alábí ló rán mi létí pé kì í ṣe tèmi.

Ọ̀nà Arimogija ló yẹ ká dojú kọ tààrà. Ṣùgbọ́n olórí ẹbí wa wà ní Upenmen. Nínú ẹbí wa, ohun tó bá ti òkè òkun wá kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà olórí ẹbí. Yóò rí i, yóò sì gbàdúrà sí i. Bí oúnjẹ bá ni, yóò tọ́ ọ wò. Bí aṣọ bá ni, yóò fi kan ara. Bí ẹnikẹ́ni bá fo èyí, tí orí bá wá fọ́ ẹni tó ni nǹkan náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹni tó gbé e rìn ni gbogbo ojú yóò máa wò.

Mo ṣàlàyé èyí fún Alábí. Ó ní, "Bàbá, lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí wọ́n bá fi nǹkan ránṣẹ́ sí ni wọ́n ń gbé e fún."

Mo ní, "Ẹ kú ọ̀làjú o. Yà sí Upenmen."

Bàbá Katikíìsì ni a ń pe olórí ẹbí náà, torí ó ṣe katikíìsì ní ṣọ́ọ̀ṣì kó tó fẹ̀yìn tì. Sámúẹ́lì lorúkọ rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa; òróró oníméńtó, tó ń ta sánsán ní imú, ló fi ń pa ẹsẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ó gba ìbọ̀sẹ̀ náà lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní kí n wọ̀ ọ́ fún òun. Mo wọ̀ ọ́ fún un. Mo tẹ̀ ẹ́ sí àwọ̀ ewé. Ó ní, "Èyí kò ṣe nǹkan kan." Ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ títí ó fi pọ́n. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Áà," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Mo ti gbọ́ àdúrà láyé mi. Èyí bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá ńlá wa, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó, ó kọjá sí Kánádà, ó dárúkọ ẹni tó hun ìbọ̀sẹ̀ àti ẹni tó wa ọkọ̀ òfuurufú, ó padà wá sórí àwọn tó ń ta iṣu. Mo la ojú kan díẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ bàbá ń lọ sókè sódò bí ọmọ ọwọ́ tó ń mu ọmú. Mo ṣe Àmín tó le, kí ó lè mọ̀ pé ó ti tó. Ó kà á sí ìṣírí.

Nígbà tí àdúrà parí, ìyàwó rẹ̀ ti gbé iyán dé, pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́. Ta ló máa kọ iyán nílé olórí ẹbí? Bàbá jẹun tòun ti ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kí òun náà fi ẹsẹ̀ kàn án. Ó fi kàn án títí a fi fọwọ́. Mo ní, "Bàbá, Màmá Fúnmi ń retí wa." Ó ní, "Ṣé ẹni tó ń retí ní ń sá lọ?" Ó ti pẹ́ tí bátìrì kéékèèké yẹn ti ń jó lórí ẹsẹ̀ ẹni tí a kò rà á fún.

A kúrò níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ọ̀nà ibẹ̀ yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n: kòtò ni wọ́n fi so ọ̀dà pọ̀. Eruku pupa bo kòkó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títì débi pé ewé wọn dà bí ẹni pé wọ́n yan án. Alábí ra bọ̀ọ̀lì ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, ó ń fi ọwọ́ kan jẹ ẹ́, ó ń fi èkejì wa mọ́tò, mo ń fi ojú bá a wí. Bí a ṣe jáde ní kọ́nà kan, igi ńlá dábùú títì. Àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ̀nà nítorí àwọn ajínigbé ni. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ gidi, n kò bú wọn. Ọ̀gá wọn tú àpò mi.

"Bàbá, kí ni èyí tó ní wáyà?"

"Ìbọ̀sẹ̀ ni."

"Ìbọ̀sẹ̀ ló ní bátìrì? Ẹ̀yin àgbà náà ti wọ ẹgbẹ́ àwọn oníbọ́ǹbù?"

Alábí bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó pa ẹnu dé.

"Ẹ wọ̀ ọ́ ká rí i," ni ọ̀gá wí, ó sì fà sẹ́yìn. "Bó bá máa bú, kó bú mọ́ yín."

Báyìí ni mo ṣe jókòó sórí igi lẹ́bàá títì, lábẹ́ oòrùn tó ń bó ènìyàn lára, tí mo wọ ìbọ̀sẹ̀ gbígbóná. Òógùn bò mí. Nígbà tí wọ́n rí i pé n kò bú, gbogbo wọn tò wá, wọ́n ń ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó gbóná lóòótọ́! Elòó ni? Kí ọmọ yín bá wa fi mẹ́fà ránṣẹ́." Mo ní n ó jẹ́ iṣẹ́ náà fún un.

Agogo mẹ́ta ti lù ká tó wọ Arimogija. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìkòkò ẹyín iná wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, etí ìró rẹ̀ ti dúdú níbi tó ti jó. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Mo bọ ìbọ̀sẹ̀ náà sí i lẹ́sẹ̀, mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ta ọjà. Mo tẹ bọ́tìnì. Iná pupa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, ó kú. Mo tẹ èkejì. Ìyẹn kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

"Ó ti parí?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Ó ti parí."

Kò bínú. Ìbá sàn kí ó bínú. Ó fi gìgísẹ̀ fa ìkòkò náà súnmọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Tèmi kì í kú báyẹn."

Iná mànàmáná kò sí níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. A kò sì lè pẹ́. Ẹni tó bá ní làákàyè kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lójú ọ̀nà yẹn. Mo dúró bí ọmọ tó fọ́ àwo. Alábí ló sọ̀rọ̀: "Bàbá, ihò tí mo fi ń ṣájì fóònù wà nínú mọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ o. Epo ni."

"Kí ó ṣiṣẹ́."

Mọ́tò dúró lójúkan, ó ń kùn fún bíi wákàtí kan àti ààbọ̀, adìẹ ń wò ó. Inú ń bí mi sí táyà, sí àdúrà, sí ìbọn, sí ìdájí tí èmi fúnra mi kò lè fara da òtútù. Nígbà tí Alábí mú bátìrì dé, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọ̀ ewé tàn. Kí n tó tún wọ̀ ọ́ fún un, ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀kan sí imú.

"Òróró oníméńtó. Ta ló wọ èyí ṣáájú mi?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká àpò mi.

"Sámúẹ́lì ni! Bàtà Kérésì tí bàbá wa kọ́kọ́ rà fún mi, òun ló wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun ń bá mi yẹ̀ ẹ́ wò!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo wọ méjèèjì fún un bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ooru rẹ̀ ń bọ̀," ni ó wí. "Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń bọ̀."

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ẹni tí a ń tètè tàn. Ó ní, "Ọ̀la ńkọ́?"

Ìyá Ṣèyí ló ti oko dé, igi ìdáná ṣì wà lórí rẹ̀. Ó wo bátìrì náà, ó ní, "Èyí náà lẹ ń pariwo lé lórí? Sólà mi lórí òrùlé máa ṣájì rẹ̀. Màmá, ẹ máa fi ránṣẹ́ sí mi láràárọ̀." Ẹ̀gbọ́n mi rò ó fúngbà díẹ̀. Ó wá fi ọ̀pá rẹ̀ ti ìkòkò iná náà kúrò níwájú ara rẹ̀. "Ó dáa. Da ẹyín inú rẹ̀ nù. Fi ìkòkò ọ̀hún bu omi fún adìẹ rẹ." Ìyá Ṣèyí gbé e lọ, ẹ̀gbọ́n mi sì fi ojú sìn ín títí ó fi kọjá ẹ̀yìnkùlé.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọlé ní Iyere. Alábí gba owó tí a jọ sọ àti owó epo lé e, kò sì purọ́. Mo pe Fúnmi, mo sọ ohun tí ìrìn náà kọ́ mi: pé bí ó bá tún fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sí ilé, kí ó máa fi méjì ránṣẹ́, ọ̀kan fún àdúrà, ọ̀kan fún ẹsẹ̀.

Ọyẹ́ méjì ni ẹ̀gbọ́n mi tún rí lẹ́yìn ìyẹn. Ìgbà òjò ló kú, lórí ibùsùn rẹ̀, kò sí ibi kankan tí iná dé lára aṣọ rẹ̀. Nígbà tí ẹbí jókòó láti pín ẹrù, oko kòkó di ti àwọn ọmọ, ilé di ti àkọ́bí. Bàbá Katikíìsì ní òun ló gbàdúrà sí ìbọ̀sẹ̀, òun ni yóò gbà á. Àkọ́bí ní ohun tó bá jẹ mọ́ iná, ti ilé ni, nítorí náà bátìrì àti ṣájà kò kúrò ní Arimogija. Mo ní, "Ẹ ò lè yà wọ́n." Wọ́n ní, "A ti yà wọ́n." Títí di òní, Bàbá Katikíìsì ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìní bátìrì, ṣájà sì rọ̀ mọ́ ògiri, kò sí ohun tó ń ṣájì.

Èmi tí mo gbé e rìn náà jogún tèmi. Ọyẹ́ tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀: ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ tutù, òtútù náà ti wá dé ọrùn ẹsẹ̀ báyìí.