Iṣẹ́ Tí N Kò Lè Sọ fún Bàbá Mi

Ìtasánsán dòdò Ìkirè ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi tí mo bá ń ti òkè Ọya bọ̀ wálé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àpọ́njù tí ata àti epo pupa ti wọ̀ lára. Mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ ra ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n wé sínú ewé, kí n tó wọ mọ́tò mìíràn lọ sí Àpòmù. Bàbá mi, àgbẹ̀ oníkòkó, kì í jẹ́ kó tutù.

Ayé ìjọba ológun ni. Iléeṣẹ́ ìwádìí kan tó jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun ló gbà mí síṣẹ́. Àwa mẹ́rin la jọ ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà yóò fi máa ṣírò ibi tí ọta ìbọn ńlá máa balẹ̀ sí, kí àwọn sójà má baà yìn ín lu ara wọn. Ohunkóhun tí ẹ̀rọ náà bá sọ, ẹni méjì nínú wa gbọ́dọ̀ tún un ṣírò lórí ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí a tó gbà á gbọ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an ni.

Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo wọṣẹ́, wọ́n ní kí n búra pé n kò ní tú àṣírí. Kùránì ni mo gbọ́wọ́ lé. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: ẹni tó bá fi Kùránì búra kì í wá ọ̀nà àbáyọ. Mo fi ìbúra náà bo gbogbo rẹ̀ pátá, kọ̀ǹpútà, ìbọn, orúkọ ibẹ̀, títí kan àga tí mò ń jókòó lé.

Ni àwọn ará àdúgbò bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọmọ tó kàwé jáde, tó ń gbowó oṣù, tí kò lè dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀? Wọ́n ní gbájúẹ̀ ni mí. Àwọn mìíràn ní oògùn olóró ni mò ń gbé. Mọ́ṣáláṣí ni bàbá mi ti gbọ́ ọ. Nígbà tí mo tún wálé, kò fọwọ́ kan dòdò náà.

"Kí niṣẹ́ ẹ gan-an?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ti búra."

"Ṣé iṣẹ́ tó mọ́ ni?"

"Ó mọ́, Bàbá."

"Ó dáa," ló wí, àmọ́ kò gbójú sókè mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìlà tó kẹ́yìn pátápátá ni Bàbá ti ń kírun báyìí, òun tó máa ń dúró lẹ́yìn lèmọ́mù gan-an tẹ́lẹ̀.

Kò pé ọdún kan tí Bàbá fi kú. Kí wáyà tí wọ́n fi túfọ̀ rẹ̀ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ tó dé ọwọ́ mi, wọ́n ti sin ín. Mo lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa, sójà àgbà kan tó jẹ́ Yorùbá bíi tiwa. Ẹkún ni mo fi ń sọ fún un pé bàbá mi kú láìmọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe.

Ó fi pẹ́ńsùlù sílẹ̀. "Ta ló ní o ò lè sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà lo fi ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ ogun? Àwọn ọmọ mi nílé mọ̀. Ohun tó wà nínú ìwé wa nìkan ni àṣírí."

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkirè lọ́jọ́ náà, mo ra dòdò mẹ́fà kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́. Nídìí sàréè ní Àpòmù, mo ní, "Bàbá, kọ̀ǹpútà ni." Gbólóhùn kan péré ni.

Ọ̀rẹ́ mi, ó ń dùn mí títí dòní. Kò sí ìṣirò tí ẹni méjì kì í yẹ̀ wò níbi iṣẹ́ wa. Ìbúra yẹn nìkan ni mo dá túmọ̀ fún ara mi, tí n kò bi ẹnì kankan. Orí bàbá mi ni àṣìṣe náà balẹ̀ sí.