Ààlè Abẹ́ Ewé Tòmátì

Ọmọ olóko ẹ̀bá odò ni Jàrátù. Ní Ṣàrẹ́ tí wọ́n ti bí i, bàbá rẹ̀ kì í jẹ́ kí ewé tòmátì fara nulẹ̀. Ewé tó bá ti pọ́n, tó ń jẹ erùpẹ̀, yóò já a dànù, a ní ibẹ̀ ni àrùn ilẹ̀ ń gbà gùn ún. Ìmọ̀ yìí ni ó gbé wọ ilé ọkọ ní Àrándùn, láàárín àwọn tó jẹ́ pé bí tòmátì bá ti hù, ó di ọwọ́ Ọlọ́run.

Ambrose ọkọ rẹ̀ wà ní Ìlọrin. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, ọ́fíìsì ń wá akọ̀wé lójú méjèèjì, oṣooṣù ló ń wá sílé. Jàrátù àti ìyá ọkọ ló kù nínú ilé. Rhoda lorúkọ ìyá náà. Ìyá ìjọ ni, ẹni tó jẹ́ pé bó bá dìde gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ebi a ti máa pa ọmọdé kó tó ṣe àmín. Ó gbà kí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ọmọ Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ló fi gbà á. Kò bú Jàrátù rí, kò sì bá a ṣeré rí. Àìbú yẹn gan-an ló ń ba ìyàwó lẹ́rù.

Nígbà tí Màmá lọ wo àbúrò rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ní Òmùpo, Jàrátù bojú wo tòmátì Màmá lẹ́yìnkùlé, kò sì lè mú un mọ́ra. Ewé ti bo ara wọn mọ́lẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ti pọ́n, ó ti ní àmì dúdú dúdú. Ó ní kí Màmá tó dé, òun á ti tún un ṣe, bóyá inú ìyá á dùn sí òun díẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń já ewé láti ìsàlẹ̀ bọ̀ lókè. Ó rí tòmátì pupa mélòó kan nílẹ̀ tí òkété ti jẹ kù, ó gbá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dé ìdí èyí tó wà láàárín, ó já ewé kan, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

Wọ́n so àkísà pupa mọ́ igi tí tòmátì náà fara tì. Ìkarahun ìgbín kan rọ̀ lára àkísà náà, òfìfo.

"Láìláhà ìlaláhù!"

Ààlè ni. Ohun tí wọ́n bá fi ààlè ṣọ́, ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀ kì í fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, bí nǹkan tí wọ́n so síbẹ̀ ṣe rí ni ayé rẹ̀ yóò rí. Màmá tó ń ṣáájú ìjọ nínú àdúrà ló so èyí. Bóyá ó rò pé òkété kì í gbọ́ àdúrà. Jàrátù wo ìkarahun òfìfo náà, ó wo ikùn ara rẹ̀. Oyún wà níbẹ̀. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, Ambrose pàápàá kò gbọ́, nítorí oyún ìṣáájú tó sọ fún èèyàn kò dúró.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Obìnrin yìí lọ ṣa ewé tó ti jù nù, ó ń tò ó padà sídìí tòmátì, bí ẹni pé ewé tó ti já lè lẹ̀ mọ́ igi. Bí ó ti ń tò ó ni ewé ń rọ.

Láti ìgbà náà, bí inú rẹ̀ bá kùn, àyà rẹ̀ á já. Kò lè gbé omi, kò lè gún iyán. Gbogbo ìgbà ló ń wọ yàrá lọ yẹ aṣọ ara rẹ̀ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dé. Ó ronú àtisá lọ sí Ṣàrẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó so ààlè nìkan ló lè fẹnu ara rẹ̀ tú u. Bí òun bá sì ní kí Màmá tú u, òun ní láti sọ̀rọ̀ oyún. Níbo ni ó fẹ́ kọrí sí?

Nígbà tí Màmá ti Òmùpo dé, kò tíì sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀ tí Jàrátù fi kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú u. Mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ewé ni mo já, mi ò ká ọmọ rẹ̀ kankan."

"Kí n tú kí ni?"

"Ààlè ìdí tòmátì. Mo lóyún, Màmá."

Ìyá náà fúnra rẹ̀ gbé ẹrù sílẹ̀, ó sì jókòó lé e lórí. Jàrátù ń retí èébú. Èébú kò wá.

"Tòmátì ń dín," ni ìyá wí. "Èmi àtìwọ nìkan la sì wà nílé. Mo ní o ń kó o ránṣẹ́ sáwọn èèyàn rẹ."

Ó yé Jàrátù wàyí. Òun ni wọ́n so ààlè fún nínú ilé ọkọ òun. Ó dùn ún wọ eegun, kò sì lè sunkún.

"Òkété ló ń jẹ ẹ́, Màmá. Àjẹkù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀."

Ìyá dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ìyàwó tẹ̀ lé e. Ó rí àjẹkù òkété, ó rí ojú eyín lára rẹ̀. Ó fa àkísà náà já, ó fi gìgísẹ̀ tẹ ìkarahun fọ́. "Ẹnu tí mo fi dè é ni mo fi tú u. Kò mú ọ, kò mú ohun tí ń bẹ nínú rẹ." Ṣùgbọ́n ó tún un wí lẹ́ẹ̀kejì, ó tún un wí lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ẹni tó so ó kò bá gba ẹnu ara rẹ̀ gbọ́, ta ni yóò wá fi ọkàn balẹ̀?

Màmá ká tòmátì kan tó pọ́n dáadáa, ó fi ìró nù ún. "Ohun yòówù tó bá kù nínú ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i, orí mi ni kó wá." Ó gé e jẹ, ó gbé e mì, ó na ìyókù sí ìyàwó. Jàrátù gbà á, ó jẹ ẹ́ láti ibi tí ẹnu ìyá dé.

Ẹ̀rù náà kò lọ o. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń bẹ̀rù, títí ọmọ fi ké.