Owó Ìfẹ́ Tí Bàbá Ṣèyí Fi San Gbèsè Báńkì

Èmi ni akọ̀wé ìjọ Aládùúrà wa ní Atosin, èmi náà ni mo sì máa ń ka orúkọ àwọn tó jẹ ìjọ lówó. Mi ò fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ẹlòmíràn síbẹ̀, ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn gbọ́.

Akinolúwa Ògúnníyì, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ṣèyí, ló ń gbé ilé tó kọjú sí tèmi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn olóko fín oògùn sí kòkó. Olúwafúnmiláyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ń ta ẹja dídì àti píọ̀ wọ́tà nínú fíríìsà ńlá kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, fíríìsà yẹn ló ń bọ́ ilé náà. Àwọn olóko kì í sanwó fún ẹni tó bá wọn fín kòkó títí wọn yóò fi tà, wọ́n sì lè tà tán kí wọ́n má rántí.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rọ tí Bàbá Ṣèyí fi ń ṣiṣẹ́ bàjẹ́ pátápátá. Ó lọ yá ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà ní báńkì kékeré kan ní Aládé láti fi ra tuntun. Oṣù mẹ́wàá ni yóò fi san án, pẹ̀lú èlé ẹgbẹ̀rún méjìlá lóṣooṣù. Wọ́n ní kó kọ ohun tí àwọn yóò gbé bí kò bá rí i san. Ó kọ fíríìsà. Ó bi ìyàwó rẹ̀ kó tó kọ ọ́, ìyẹn sì gbà, nítorí kò sí nǹkan mìíràn nínú ilé wọn tí báńkì lè fẹ́ gbé.

Ó san ti oṣù mẹ́rin láìyẹ̀. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, àwọn olóko kò tíì rántí. Joanna, ọmọbìnrin tó ń bá báńkì gbowó, wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

"Daddy, ẹ má bínú," ló ń wí. "Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ padà lọ́wọ́ òfo."

Ó ra píọ̀ wọ́tà méjì nínú fíríìsà náà, ó sì sanwó rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Ṣèyí wá bá mi nítorí Owó Ìfẹ́. Owó tí ìjọ máa ń yá àwọn ọmọ ìjọ ni, kò ní èlé, ọdún kan gbáko ni wọ́n sì fi ń san án. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, a ó ka orúkọ ẹni tó yá a àti iye tó kù, yóò sì dìde dúró kí gbogbo ìjọ rí i. Títí yóò fi san án tán, kò gbọdọ̀ di ipò kankan mú níwájú ìjọ. Bẹ́ẹ̀, Bàbá Ṣèyí ló ti ń gbé àgbélébùú ṣáájú wa láti ìgbà tí Ṣèyí ṣì ń rá kòrò, Ṣèyí sì ti wà ní yunifásítì báyìí.

"Ṣé o rò ó dáadáa?" ni mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti rò ó. Ó ku ọgọ́sàn-án ẹgbẹ̀rún. Tí n bá gbé e fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà, èlé parí nìyẹn. Ó sàn kí n jẹ ìjọ ní owó tí kì í bímọ. Wọn ò ní gbé fíríìsà obìnrin yẹn lójú mi."

A yá a. Ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, mo ka orúkọ rẹ̀, ó sì dìde ní ìlà ẹ̀yìn nínú sùtánà rẹ̀. Olúlékè bíríkìlà ló gbé àgbélébùú lọ́jọ́ náà, ó gbé e bí ẹni gbé pákó lọ síbi iṣẹ́. Inú bí mi gan-an.

Nígbà tó di Ọjọ́ Ajé, Bàbá Ṣèyí gun ọ̀kadà lọ sí Aládé. Joanna ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fún un ní rìsíìtì.

"Ó wá ku èlé oṣù mẹ́fà, Daddy. Ẹgbẹ̀rún méjìléláàádọ́rin. Ìparí oṣù yìí ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gbé fíríìsà."

"Èlé orí owó wo? Mo ti dá owó yín padà."

"Ó wà nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí, sà."

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Níbí, bí èèyàn bá fi oko kòkó dógò, ẹni tó yá a lówó ni yóò máa ká kòkó náà, ìyẹn sì ni èrè rẹ̀. Ọjọ́ tí olóko bá dá owó padà, onítọ̀hún á mú àdá rẹ̀, á kúrò lóko. Kò ní sọ pé òun ṣì fẹ́ ká ti ọdún tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá Bàbá Ṣèyí ṣe gba oko rẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe gba tèmi. Ìdí nìyí tí èmi tí wọ́n ń pè ní akọ̀wé kò fi bi í ohun tó wà nínú ìwé báńkì. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ó wá ń kiri ọ̀dọ̀ àwọn olóko tó jẹ ẹ́ lówó. Ọ̀kan fún un ní odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Nígbà tó máa fi darí dé ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ẹnu ọ̀nà wọn ti ṣófo. Mo wà níwájú ilé mi, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Wọ́n ti wá gbé e?" ló bi ìyàwó rẹ̀.

"Rárá. Èmi ni mo tà á. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé mẹ́wàá. Mo ti lọ san ti báńkì. Ti ìjọ ni èyí tó kù."

Bàbá Ṣèyí sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó. "Nítorí fíríìsà yẹn ni mo ṣe dìde níwájú ìjọ."

"Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀. Mi ò lè jókòó wò ó lẹ́ẹ̀kejì."

Obìnrin náà gbé owó náà wá bá mi, mo kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ku ẹgbẹ̀rún méjìlélógójì. Mo wo ohun tó wà nílé mi bóyá mo lè fi dí i, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá péré ni mo bá. Òfin sì ni òfin.

Nígbà tó di Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, mo ka orúkọ Akinolúwa Ògúnníyì àti iye tó kù. Ó dìde. Ní apá àwọn obìnrin, Olúwafúnmiláyọ̀ náà dìde. Èmi ò ka orúkọ rẹ̀, kò sì sí nínú ìwé. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí mo fi ní kí ọkọ rẹ̀ jókòó.