Ọkọ̀ Tí Verlin Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Tò

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Verlin Stuckey jẹ́, ẹ fún un ní ohun tó bàjẹ́, kí ẹ ní kó má fọwọ́ kàn án. Àwọn ìka rẹ̀ á kọ́kọ́ máa jó lórí itan rẹ̀. Kí ẹ tó yíjú padà, ó ti dé ìdí ẹ̀.

Bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé ló ń wà ní ìpínlẹ̀ Ohio, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, títí ó fi fẹ̀yìn tì, àmọ́ ohun tó ń jí i láàárọ̀ ni Fọ́ọ̀dù pupa tó tò nínú gáréèjì rẹ̀. Ẹ̀dà ni. Fọ́ọ̀dù ọdún 1934 ló fara wé, iná iwájú rẹ̀ yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, ṣùgbọ́n fáíbà ni ara rẹ̀, inú ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti kú ni wọ́n sì ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kó kàn kọjá lára yín lọ́sàn-án, orí yín á wú.

Títò rẹ̀ ò le tó gbígba ìwé rẹ̀. Verlin kó rìsíìtì gbogbo ohun tó rà dání, ó fi tírélà wọ́ ọ lọ bá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, ìyẹn sì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Dwight Amstutz, ti gbà á nímọ̀ràn pé kó ní kí wọ́n kọ 1934 sínú ìwé náà.

"Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi," ni Verlin wí. "Mi ò lè máa wa irọ́ kiri ìgboro."

Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn pé ọkọ̀ tí a fọwọ́ tò ni. Verlin gba ìwé náà bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun lé lọ́wọ́.

Ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí akọ àgbọ̀nrín máa ń lé abo kiri láìwo ọ̀nà, ọ̀kan fò jáde látinú oko àgbàdo, ó sì kọlu iwájú Fọ́ọ̀dù náà. Verlin ò fara pa, ṣùgbọ́n bọ́nẹ́ẹ̀tì fọ́ bí àwo, ìbòrí táyà iwájú méjèèjì sì là.

Ọkùnrin tó gbé ìpè rẹ̀ ní iléeṣẹ́ adójútòfò wo àwọn àwòrán, ó ní ó jọ pé ọkọ̀ náà ti kọjá àtúnṣe. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á san iye tí wọ́n ti jọ fẹnu kò sí, wọ́n á sì gbé ọkọ̀ lọ. Ó lè rà á padà lọ́wọ́ wọn, àmọ́ wọ́n á lu òǹtẹ̀ àjákù sórí ìwé rẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ọkọ̀ tó ti kú ni.

"Ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ń bọ̀ ní Jímọ́ọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Òǹtẹ̀ àjákù! Oúnjẹ ò wọ Verlin lẹ́nu mọ́.

Ní ọjọ́rú, Nadine ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, ó ń fínmú.

"Kí ni mò ń gbóòórùn yìí?"

"Ọbẹ̀ ni."

"Mi ò tíì gbé ìkòkò kaná."

Ó wọlé. Ìbòrí táyà òsì ti jinná, ó kàn ku ọ̀dà.

"Verlin, wọ́n ní o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Mo wọ ìbọ̀wọ́."

Nadine gbé agolo gọ́ọ̀mù tí ọkọ rẹ̀ fi ń lẹ fáíbà sínú búùtù ọkọ̀ tirẹ̀, ó sì wà á lọ síbi iṣẹ́.

Bí Shawna Pruitt, ọ̀dọ́mọbìnrin tí iléeṣẹ́ adójútòfò rán, ṣe dé ní Jímọ́ọ̀ nìyẹn, tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, tó tún wo ọ̀tún.

"Ọ̀gbẹ́ni Stuckey, ṣé ẹ̀gbẹ́ kan ni àgbọ̀nrín náà kọlù ni?"

"Méjèèjì ni."

"Òsì wá ńkọ́?"

"Ara ẹ̀ ti ń yá."

"Ẹ má dá a lóhùn," ni Nadine wí. "Àtọjọ́ tó ti délé ló ti ń tún un ṣe."

Shawna gbé ẹ̀rín mì. "Ohun tí mi ò rí, mi ò lè sanwó rẹ̀ o, sà."

"Má sanwó ẹ̀. Ohun tó o rí ni kó o kọ. Ìwé ọkọ̀ mi ńkọ́?"

Shawna bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ó wọn ṣásí, ìyẹn irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró, ó pẹ́ níbẹ̀. Verlin ti rìn yí gáréèjì ká, ó ti gbé sípánà, ó ti gbé e sílẹ̀.

"Kò wọ́," ni Shawna wí nígbà tó jáde. "Ká ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pẹ̀lú bọ́nẹ́ẹ̀tì tó wà nínú àwòrán ni mo ṣírò, owó àtúnṣe ìbá ti ga ju ohun tí a lè gbà lọ. Ẹ̀gbẹ́ kan àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ló kù báyìí. Màá kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ fi owó ara yín ṣe èkejì. Ọkọ̀ yín ò kú, sà. Ìwé yín wà bó ṣe wà."

Verlin jókòó lórí táyà kan, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀fẹ́ lo ṣiṣẹ́ yẹn o," ni Nadine wí.

"Ta ló sanwó fún mi nígbà tí mò ń tò ó?"

Shawna kó irinṣẹ́ rẹ̀. "Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí ọ́fíìsì tó fọwọ́ sí i. Títí dìgbà náà, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án." Nadine ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Nadine ò fi tàfàlà. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ó di ẹrù ọkọ rẹ̀, ó fi mọ́tò gbé ọkùnrin náà lọ sílé Lavonne, ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ obìnrin, níbi tí kò ti sí gáréèjì. Wọn ò tíì jókòó tán nígbà tí Verlin rí àga jangirọ́fà tó já lápá kan níta.

"Lavonne," ló bi í, "ṣé adójútòfò kankan wà lórí nǹkan yìí?"

"Àga yẹn kẹ̀? Rárá. Kí ló dé?"

Verlin ti dìde, ó ń wá ibi tí wọ́n ń tọ́jú sukuréfà sí.