Ojú Kẹfà Àpótí Òwú

Ọdún tí wọ́n gbé mi lọ sí Ibiade láti máa kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú àti ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àpótí. Ọkọ mi ti kú, ọmọ mi kan ṣoṣo wà lókè òkun. Tí mo bá ti máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ tán lọ́sàn-án, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́.

Màmá mi ló kọ́ mi ní tátìn, iṣẹ́ òwú oníkókó, nígbà tí mo wà ní kékeré, nílé wa ní Òkè-Àgbò. Òun ló ń ṣe etí aṣọ pẹpẹ fún ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ohun èlò iṣẹ́ náà kò gùn ju ìka lọ, ó sì rí bí ọkọ̀ àwọn apẹja. Inú rẹ̀ la ń ká òwú sí, tí a ó máa tì í gba abẹ́ òwú tó wà lọ́wọ́ òsì, kókó lórí kókó, títí yóò fi di òrùka. Iṣẹ́ pẹlẹbẹ ni màmá mi ń ṣe. Èmi ni mo rò ó pé bí mo bá so onígun mẹ́rin mẹ́fà pọ̀, tí mo fi ìlẹ̀kẹ̀ sí gbogbo igun rẹ̀, ó yẹ kó dìde dúró bí èyí tí mò ń yà sójú pátákó.

Ojú márùn-ún kò le. Ẹ̀kẹfà ni kò gbà fún mi, nítorí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yẹ kí n so ó mọ́, ọwọ́ mi kò sì ráyè wọlé mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tú u.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo gbé e dání lọ sí Òkè-Àgbò. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ń tọ́jú màmá ti sọ fún mi lórí fóònù pé ìgbàgbé wọn ti ń pọ̀ sí i. Mo kúnlẹ̀ níwájú màmá mi, wọ́n sì rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ẹ káàbọ̀, tíṣà. Ẹ jókòó."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, Ìjẹ̀bú ni a ń bá ara wa sọ, kò sì sí "ẹ" láàárín wa rí. Yorùbá tí wọ́n ń sọ fún àlejò ni wọ́n wá ń sọ sí mi yìí.

Mo bá fa iṣẹ́ mi yọ. Wọ́n na ọwọ́, mo sì gbé e fún wọn. Wọ́n tẹ àpótí náà pẹlẹbẹ bí ìgbà tí èèyàn ń ká aṣọ, gbogbo ẹ̀gbẹ́ tó ṣí sílẹ̀ sì wá pàdé níbi kan. Mi ò ro ìyẹn rí. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ìka ni wọ́n fi ń ka kókó. Nígbà tí wọ́n so ó tán, wọ́n fi ìka tẹ igun rẹ̀ méjì, ó sì dìde.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ìyá mi ni, mà."

"Wọ́n kọ́ yín dáadáa. Ẹ máa lọ kí wọn o. Èmi náà ní ọmọbìnrin kan tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ibiade ló wà. Kì í wá."

Oṣù méje ni mi ò fi délé.

Láti ìgbà náà, mi ò jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí n tó lọ. A ti jọ ṣe olójú mẹ́rin, a ti ṣe olójú méjìlá. Wọ́n máa ń ròyìn ọmọ wọn fún mi, bó ṣe máa ń sùn lórí òwú, bó ṣe máa ń sunkún bí kókó bá dì. Mo ti gbàgbé púpọ̀ nínú rẹ̀. Mo sọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan pé èmi ni ọmọ náà. Wọ́n ní kí n má bínú, ara wọn kò sì balẹ̀ mọ́ títí ọjọ́ náà fi lọ. Mi ò sọ ọ́ mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n máa ń sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní kí n bá àwọn kí ará ilé mi.

Mo máa ń dá wọn lóhùn pé, "Wọ́n á gbọ́, mà."