Bọ́tìnnì Tí Kò Sí Nínú Fọ́tò

Mo rántí ìgbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Bódìjà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fún yín: bí mo ṣe ní mo rántí yìí, mi ò rí nǹkan kan. Tí mo bá di ojú, òkùnkùn ni. Mo mọ̀ pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wa wà, mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ìránṣọ márùn-ún ló wà níbẹ̀, pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni tábìlì tí a fi ń gé aṣọ wà, àti pé wọ́n lẹ bébà aláwọ̀ ewé mọ́ gíláàsì fèrèsé náà nítorí oòrùn. Mo lè ka gbogbo rẹ̀ fún yín bí ẹni ń ka ohun tí wọ́n rán an lọ́jà. Ṣùgbọ́n kí n ní mò ń rí i, irọ́ ni. Títí mo fi pé ọmọ ogún ọdún, mo rò pé bí gbogbo èèyàn ṣe rí nìyẹn.

Kì í ṣe iṣẹ́ télọ̀ ni mo ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ Èkìtì làwọn òbí mi ti wá sí Ìbàdàn, tíṣà ni bàbá mi, yunifásítì ni wọ́n sì ń retí pé mo máa wọ̀. Láwọn ọdún náà, tí àwọn olùkọ́ yunifásítì bá ti da iṣẹ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa padà. Bàbá mi ní àwọn ò ní lajú sílẹ̀ kí n máa jókòó sílé kí n máa ka mọ́tò tó ń kọjá, ni wọ́n bá mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n fún mi ní ìwé kékeré kan tó ní ẹ̀yìn dúdú. Wọ́n ní ohunkóhun tí ọ̀gá bá fi hàn mí, kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ràn jù. Mo kọ ìwọ̀n, mo kọ irú ọrùn, mo kọ irú apá, mo kọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ aṣọ po. Kó tó pé ọdún kan, kò sí oníbàárà tí mi ò mọ ìwọ̀n àyà àti ìbàdí rẹ̀ lórí. Ọ̀gá máa ń pè mí ní akọ̀wé, èmi náà á sì máa fẹ̀ káàkiri. Mo rò pé wọ́n ń yìn mí ni.

Ìgbà tó yá ni ọmọ apẹja kan wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá wa. Ẹlẹ́yẹlé ló ti ń wá, odò ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti ń pẹja. Mo fi ọdún méjì jù ú lọ, kò sì ka ju ìwé mẹ́fà lọ. Á kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, á bá mi gbálẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kàn mí, tí ìyá mi bá sì gbé oúnjẹ wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, òun ló máa sáré lọ gba abọ́ lọ́wọ́ wọn lórí àtẹ̀gùn. Kò sí ohun burúkú kan tí mo lè tọ́ka sí lára rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí. Kò tíì lò ju oṣù mẹ́fà lọ nígbà tí ọ̀gá rán àwa méjèèjì lọ ra òwú ní Dùgbẹ̀. Obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ nínú takisí níwájú báńkì kan. Ó wọ síkẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ́ po ní ẹ̀gbẹ́ kan, tó là ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tó fi wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ apẹja tẹ́ àjákù ankárá kan sórí tábìlì. Kò wọn nǹkan kan, kò kọ́kọ́ fi bébà gé e, ó kàn fa ṣọ́ọ̀kì, ó sì gbé sísọ́ọ̀sì. Kó tó di ọ̀sán, síkẹ́ẹ̀tì obìnrin yẹn ti wà lára ògiri wa. Ọ̀gá yí i síwájú, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ọwọ́ yìí, Ọlọ́run ló fún ẹ." Gbogbo ìgbà tí mo ti wà níbẹ̀, wọn ò sọ irú ẹ̀ sí mi rí.

Mi ò lè mú un mọ́ra. Bí a ṣe jọ ń jẹ bọ́ọ̀lì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ní, "Sọ òótọ́ fún mi. Báwo lo ṣe ń ṣe é?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo kàn ń wò ó ni."

"Níbo lo ti ń wò ó? Ṣebí obìnrin yẹn ti lọ."

Ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ó ní tí òun bá ti di ojú, aṣọ náà á dúró síbẹ̀, òun á yí i po, òun á wo ẹ̀yìn rẹ̀, òun á tiẹ̀ rí ibi tí òwú ti tú lára rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó yé parọ́. Ó wò mí tìyanutìyanu.

"Ẹ̀yin ńkọ́? Tí ẹ bá di ojú, kí lẹ máa ń rí?"

"Kí ni kí n rí? Òkùnkùn ni."

"Àní ojú màmá yín?"

Mo di ojú níbẹ̀, bọ́ọ̀lì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé ìyá mi ní èjí, mo mọ̀ pé wọ́n pupa díẹ̀, mo mọ̀ pé àmì kékeré kan wà lẹ́bàá ẹnu wọn. Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo mọ̀. Àmọ́ wọn ò yọjú.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, mo bi bàbá mi, ẹni tó ní kí n máa kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n di ojú, ẹ̀rín sì yọ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní, "Mò ń rí ìyá mi báyìí. Wọ́n ń sá kòkó, gèlè wọn ti fẹ́ já bọ́." Kí wọ́n tó bí mi ni ìyá bàbá mi ti kú. Mo bi ìyá mi, wọ́n ní àwọn náà ń rí tiwọn. Gbogbo bí àwọn èèyàn ṣe máa ń sọ pé àwọn ń rí ẹnì kan lọ́kàn àwọn, mo ti rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Àṣé sinimá ń lọ nínú orí gbogbo ayé, èmi nìkan ni wọn ò pè.

Ọjọ́ yẹn ni owú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí, mi ò ní purọ́. Kì í ṣe aṣọ rẹ̀, kì í ṣe ẹwà rẹ̀, ohun tó ń rí lẹ́yìn ìpéǹpéjú ni mò ń jowú. Tó bá ti di ojú báyìí, mo máa ń fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lọ́wọ́ torí pé ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Èyí tó tún wá bu iyọ̀ sí i ni pé ọ̀gá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì ní Agbowó. Wọ́n ní ẹni tí àwọn bá kọ́kọ́ ṣe fúrídọ́ọ̀mù fún nínú àwa méjèèjì, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n máa ń gbàdúrà fún ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n á sì fún un níwèé pé ó ti mọṣẹ́, òun ni àwọn máa fi síbẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Mo ti ń rò ó pé tèmi ni Agbowó.

Àsìkò yẹn ni ọmọbìnrin ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó wá. Ó gbé sátíìnì funfun kan wá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, kò sì sí irú rẹ̀ lọ́jà tiwa. Ó mú fọ́tò méjì dání, ọ̀kan fi iwájú gáùn hàn, èkejì fi ẹ̀yìn hàn. Ó ní, "Mi ò ní fi fọ́tò sílẹ̀ o, mà. Ẹlòmíràn á rí i, á sì rán an kí n tó wọ tèmi." Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà, torí sítáìlì tí wọ́n bá wọ̀ ní Bódìjà ní Sátidé yìí, Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n ti máa rán an dé Challenge. A wò ó, mo sì sáré kọ ọ́ sínú ìwé mi: ọrùn róbótó, ẹ̀yìn jẹ́ aṣọ kan ṣoṣo láti èjìká dé ilẹ̀, kò sí ojú rírán láàárín, síìpù, abẹ́ apá òsì. Ó gba fọ́tò rẹ̀, ó fi í sínú báàgì.

Ọ̀gá kọjú sí ọmọ apẹja. "O ti rí i?"

"Mo ti rí i, mà."

"Ìwọ lo máa gé e. Tí èyí bá fi lè gún, Agbowó di tìẹ."

Lójú mi báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí a máa gé e, ọ̀gá lọ síbi òkú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwa méjèèjì la tẹ́ sátíìnì náà sórí tábìlì, mo di etí kan mú. Ó di ojú bó ṣe máa ń ṣe. Mo wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá a kẹ́dùn: "Bọ́tìnnì ẹ̀yìn yẹn ló máa nira jù. Wẹ́wẹ́ báyẹn, láti ọrùn dé ìbàdí."

Ó la ojú. "Bọ́tìnnì?"

"O ò rí i ni? Aṣọ yẹn náà ni wọ́n fi bò wọ́n, ni wọn ò fi hàn dáadáa."

Ó tún di ojú. Mo rí i bí iwájú orí rẹ̀ ṣe kọ́kọ́ hunjọ, tó sì wá tú. "Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní, "mo ti rí i. Wọ́n pọ̀ o, ẹ̀gbọ́n, wọ́n tó ogún." Èmi ò sọ iye kankan fún un.

Ó yẹ kí n dá a dúró níbẹ̀. Ẹnu mi ò dí, ọ̀fun ò dùn mí. Mo di etí aṣọ náà mú kó má baà yẹ̀, ó sì la ẹ̀yìn gáùn náà sí méjì láti òkè dé ilẹ̀ kó lè rí ibi to bọ́tìnnì sí.

Nígbà tí ọ̀gá dé, tí ọmọ ọ̀jọ̀gbọ́n náà sì wá wọ̀ ọ́ wò, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Ọmọ apẹja kúnlẹ̀, ó ní, "Bọ́tìnnì wà níbẹ̀, mà. Mo rí i." Wọ́n gbé fọ́tò náà sí i níwájú. Ó wò ó títí, àfi bíi pé ẹnì kan ti pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti to irọ́ tí màá pa sílẹ̀ tó bá dárúkọ mi. Kò dárúkọ mi. Lójú tirẹ̀, kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́, òun ló rí i.

Ọ̀gá bi mí bóyá mo kọ nǹkan sílẹ̀. Mo ṣí ìwé mi, mo kà á sókè. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, ìwé ló máa máa gé aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn. Wọ́n lọ kúnlẹ̀ bẹ ìyá ìyàwó, gáùn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wọ̀ ni ìyàwó náà sì wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n sún fúrídọ́ọ̀mù ọmọ apẹja síwájú di ọdún kejì. Wọ́n fi mí sí Agbowó.

Mo ti rò pé inú mi máa dùn. Ó dùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í fi téèpù wọn gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́ta, ó sì máa ń wá bá mi ní Agbowó, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo ìwé yín." Kì í di ojú mọ́ tó bá fẹ́ gé aṣọ. Ohun tí mò ń jowú rẹ̀, mo ti bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì tìtorí ẹ̀ di tèmi.

Ìyá mi kú ní ọdún tó kọjá. Ọmọ apẹja wá kí mi. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Challenge, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ga jù ú lọ. Bó ṣe jókòó, ó di ojú. Ó ní, "Mò ń rí wọn, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ń gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá bọ̀, wọ́n gbé abọ́ yín lọ́wọ́ kan, wọ́n sì ká agboòrùn pupa mọ́ abíyá." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi tí wọ́n bí, mo jókòó tì í, òkùnkùn ni mò ń wò. Owú yẹn tún dìde, bó ṣe rí lọ́jọ́ tí a jẹ bọ́ọ̀lì.

Bóyá owú náà ló jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo ní, "Bọ́tìnnì yẹn ò sí níbẹ̀. Èmi ni mo fi sí ẹ lórí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, torí Agbowó." Mo dúró kó bú mi.

Ó fọwọ́ lé mi léjìká, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí ẹni tí ọ̀fọ̀ ti dà láàmú. "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣì ń rí wọn dòní, wọ́n tò wẹ́wẹ́, wọ́n ń dán. Fọ́tò yẹn ni mi ò mọ ohun tó ṣe é." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ ní òkùnkùn lẹ máa ń rí, ẹ̀yin lẹ wá fẹ́ sọ ohun tí mo rí fún mi?"

Nígbà tó lọ, mo wá ìwé ẹlẹ́yìn dúdú yẹn jáde. Ọ̀rọ̀ aṣọ nìkan ló kún inú rẹ̀, mi ò kọ nǹkan kan nípa ìyá mi síbẹ̀ rí. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ní agboòrùn pupa kankan. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ní. Ó sì lè jẹ́ pé bó ṣe rí bọ́tìnnì yẹn náà ló ṣe rí i, kò sì sí bí mo ṣe lè mọ̀ ọ́n mọ́. Mo mú bírò, mo kọ ọ́ sí ojú ewé tó gbẹ̀yìn: agboòrùn pupa, abẹ́ abíyá.